Orúkọ Tí Ajísààrì Ń Pè Lóru

Bóyá ni ẹnikẹ́ni lè sọ̀rọ̀ lórí orin fújì kí ó má dárúkọ wéré. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń dárúkọ rẹ̀ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Yàtọ̀ sí àwọn onímọ̀ bí Akin Euba, tí ó ti kọ̀wé lórí orin àti ìlù àwọn Mùsùlùmí Yorùbá láti 1971, ìpínrọ̀ kan péré ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń fún un, bí ìgbà tí àlejò kan ń kí ìyá àgbà tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà kí ó tó wọlé lọ bá ẹni tí ó tìtorí rẹ̀ wá. Wọ́n á ní orin tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ lóru nínú oṣù Ràmàdáánì láti jí ará àdúgbò fún sààrì ni, wọ́n á ní inú rẹ̀ ni fújì ti jáde, ó parí. Láti ibẹ̀ lọ, Síkírù Àyìndé Barrister ni a ó máa gbọ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán. Èmi kò bá Barrister ní ìjà kankan. Mo kàn fẹ́ dúró ti ìyá àgbà ẹnu ọ̀nà náà fún ìgbà díẹ̀ ni, kí n wo wéré gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà tí ó dá dúró, kí n sì bi í ní ohun tí lámèyítọ́ ń bi iṣẹ́ ọnà yòówù: kí ni ó wà fún, ọgbọ́n wo ni ó ń dá sí i, ṣé ó sì ń ṣe é yanjú?

Kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Ràmàdáánì ni oṣù kẹsàn-án nínú ọdún Ìsìláàmù. Láti ìgbà tí ojúmọ́ bá ti fẹ́ là títí oòrùn yóò fi wọ̀, oúnjẹ kò gbọdọ̀ kan ẹnu aláàwẹ̀, omi kò sì gbọdọ̀ kan ọ̀fun rẹ̀. Nítorí pé òṣùpá ni a fi ń ka oṣù náà, ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú lọ́dọọdún, nítorí náà ó lè bọ́ sínú òjò lónìí kí ó sì bọ́ sínú ẹ̀ẹ̀rùn ní ọdún mélòó kan sí i. Sààrì ni oúnjẹ tí a ń jẹ ní ìdájí kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run rọ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi í sílẹ̀, nítorí ìbùkún tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí oorun bá gbé lọ, tí ó la ojú tí ilẹ̀ ti mọ́, àǹfààní ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di ìrọ̀lẹ́. Bí ẹni náà bá jẹ́ alágbàṣe tí ń ru búlọ́ọ̀kù ní Mùṣin, tàbí obìnrin tí ń ru igbá kiri láti Ojúwòyè dé Tẹ̀júoṣó, ẹ fi ojú inú wo bí ọjọ́ yóò ti gùn tó fún un. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé kí a jí ẹlòmíràn lójú oorun nínú oṣù yìí, oore ni. A lè kà á mọ́ sàárà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ náà sì ti pẹ́ tó ààwẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní Mẹ̀dínà, ní ayé Òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ẹni méjì ni ó ń pe ìrun. Bìlálì a pè nígbà tí òru ṣì wà, kí ẹni tí ó sùn lè dìde; Ibn Umm Maktum, tí í ṣe afọ́jú, ni ó ń pè nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, òun kì í sì í pè àfi bí àwọn ènìyàn bá sọ fún un pé ojúmọ́ ti là. Ní Bàgídáàdì, iṣẹ́ yìí bí ẹ̀yà ewì kan tí wọ́n ń pè ní qumā, tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju “ẹ dìde” lọ. Àwọn tí ń kọ ìtàn ewì Lárúbáwá sọ pé ọkùnrin kan ń fi í jí ọba al-Nasir, ẹni tí ó jọba láti 1180 sí 1225. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, ọmọ rẹ̀ kò mọ bí òun yóò ti túfọ̀ dé etí ọba. Ó dúró de oṣù Ràmàdáánì, ó lọ dúró sí ìtòsí ààfin lóru, ó fi orin jí ọba, ó sì fi ikú bàbá rẹ̀ sínú orin. Ọba fi iṣẹ́ bàbá rẹ̀ fún un, ó sì fi kún owó tí bàbá ń gbà. Àwọn ará Hausa náà ní tashe tiwọn, tí orúkọ rẹ̀ wá láti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún dídìde. Èyí tí ó wú mi lórí jù ni ti Káírò. Nínú ìwé tí Edward Lane, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ní 1836 lórí ìṣe àwọn ará Íjíbítì, ó ṣàpèjúwe ajísààrì tí ń fi ìlù kékeré kan rìn láti ilé dé ilé, tí ó sì ń pe orúkọ baálé àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbàgbé orúkọ pípè yìí. Òun ni mo ń bọ̀ wá fi ṣe gbogbo àwíjàre mi.

Kí n tó débẹ̀, orúkọ orin náà gba àlàyé. Ẹni tí kò ka àmì ohùn sí lè ka wéré sí wèrè, àwọn mìíràn tilẹ̀ ní ibẹ̀ ni orúkọ náà ti ṣẹ̀: ta ni yóò máa lu agogo kiri àdúgbò ní aago mẹ́ta òru bí kì í bá ṣe ẹni tí orí rẹ̀ dàrú? Ẹ̀fẹ̀ ni, ó sì dùn, àwọn ajíwéré fúnra wọn a sì máa fi ṣe ara wọn yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn òkè méjì ni orúkọ orin yìí ní, ohùn ìsàlẹ̀ méjì sì ni ti àìsàn orí. Etí Yorùbá kì í déédéé sọ ọ̀kan di èkejì. Nígbà tí a bá fẹ́ kí ènìyàn yára, a ó ní kí ó ṣe wéré. Ìtumọ̀ yìí bá iṣẹ́ orin náà mu: ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, ẹ ṣe wéré. N kò ní bá ẹnikẹ́ni fà á ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mùṣin ni mo ti gbọ́ wéré tí mo ń sọ. Títí di 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Mùṣin wà, kì í ṣe ara ìlú Èkó. Nítorí náà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n wá iṣẹ́ wá láti òkè, tí agbára wọn kò ká ilé erékùṣù, ti rí orí fi pamọ́ sí. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bàbá mi gba yàrá méjì nínú ilé oníyàrá méjìlá kan níbẹ̀: yàrá mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín, ilé ìdáná àti kànga lẹ́yìn. Ará Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, ará Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, ará Ìlọrin wà níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìdílé ẹnì kejì rẹ̀ rí kí ó tó dé Èkó.

Ọmọkùnrin bí mẹ́jọ ni ajíwéré àdúgbò wa. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ni olórí wọn, kò sì lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Sákárà kan, agogo kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan, àti agolo mílíìkì tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí ni gbogbo irinṣẹ́ wọn. Bí aago mẹ́ta bá ti fẹ́ lù, a ó máa gbọ́ wọn láti òpópónà kejì, ohùn náà a máa súnmọ́ tòsí, a máa jìnnà, a tún máa súnmọ́, bí wọ́n ti ń gba kọ̀rọ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Bí wọ́n bá dé ẹnu ilé wa, wọn a fi ìyìn Ọlọ́run ṣíde, wọn a tọrọ àánú fún Òjíṣẹ́ Rẹ̀, wọn a kí onílé. Lẹ́yìn náà ni olórí yóò wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí yóò sì máa pe orúkọ, láti yàrá kìíní dé ìkejìlá.

Orúkọ tí àdúgbò ń pe ẹni náà ni ó ń pè: Ìyá Ológì, Bàbá Aránṣọ, Ìyá Ìbejì, Ọ̀gá Dírẹ́bà. Kì í fo ẹnikẹ́ni tí ń gbààwẹ̀. Ìdílé ọmọlẹ́yìn Kírísítì méjì wà nínú ilé wa. Bí ó bá dé ẹnu yàrá tiwọn, a rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n sákárà kò mọ bí a ti ń rẹ ohùn sílẹ̀, n kò sì lè sọ pé inú wọn dùn sí i. Àwa ọmọdé kì í gbọ́ orúkọ wa, àfi ẹni tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, mo lọ bá olórí wọn ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sán, mo sọ fún un. Ní òru ọjọ́ náà, ó pe orúkọ mi tẹ̀lé ti bàbá mi. Láti ìgbà náà, wọ́n ti pe orúkọ mi nínú gbọ̀ngàn yunifásítì ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tí mo wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ lọ gba ìwé ẹ̀rí. Kò dùn tó ti òru yẹn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí ipò olùkọ́ díẹ̀. Nígbà tí a bá ń kọ́ni ní orin Yorùbá ní kíláàsì, ohùn méjì ni a máa ń kà: lílé, tí í ṣe ti olórí, àti ègbè, tí í ṣe ti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Ohùn mẹ́ta ni ó wà nínú wéré. Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tí ó wà nínú yàrá, tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀, tí yóò dáhùn pé òun ti jí. Bí ìdáhùn yìí kò bá tíì wá, orin kò lè kúrò lójú kan. Olórí yóò tún orúkọ náà pè, ègbè yóò tún gbe, agolo yóò tún dún. Ẹni tí kò mọ̀dí lè ní àwítúnwí náà ti pọ̀ jù, pé àwọn ọmọ náà kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Gígùn orin kò sí lọ́wọ́ akọrin. Ọwọ́ ẹni tí ó sùn ni ó wà. Ìbéèrè ni wéré, kò sì sí bí ìbéèrè ti lè parí ara rẹ̀. N kò mọ oríṣi ewì alohùn mìíràn nínú èdè wa tí ó fi agbára tó bẹ́ẹ̀ sí ọwọ́ olùgbọ́, àti olùgbọ́ tí kò tilẹ̀ tíì la ojú.

Ìdáhùn kì í sì í ṣe ti ẹnu nìkan. Ní ọdún kan, Bàbá Aránṣọ, tí ó ń dá gbé yàrá kẹsàn-án, ń dáhùn wéré bí wọ́n bá ti pè é, kò sì sí ẹni tí ó fura. Olórí ajíwéré ni ó fura. Ó ṣe àkíyèsí pé fún òru mẹ́ta, bí ọkùnrin náà bá ti dáhùn, kò sí iná tí ń tàn lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sì sí òórùn sítóófù. Ó ń jí, ó sì ń padà sùn, nítorí pé kò ní ohun tí yóò jẹ. Ọmọ náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ṣùgbọ́n àṣà àdúgbò ni pé kí àwọn tí ọwọ́ wọn dẹ̀ máa fún àwọn ajíwéré ní oúnjẹ lójú fèrèsé: àkàrà, mọ́ínmọ́ín, nígbà mìíràn ìrẹsì inú abọ́. Láti òru kẹrin, ohun tí wọ́n gbà lójú fèrèsé onílé ni wọ́n ń gbé sí ẹnu ọ̀nà yàrá kẹsàn-án, tí wọn a sì kọrin kọjá. Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ti kọjá dáadáa kí ìyá mi tó gbọ́, láti ẹnu Bàbá Aránṣọ fúnra rẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ ti padà dé sí i lọ́wọ́.

Òfin ààwẹ̀ fúnra rẹ̀ ń ka orí. Kí a tó kí ìrun ọdún, baálé ilé gbọ́dọ̀ yọ sàká ìtúnu ààwẹ̀, òṣùwọ̀n oúnjẹ kan fún orí kọ̀ọ̀kan tí ń bẹ lábẹ́ rẹ̀, títí kan ọmọ tí a bí ní àná. Ohun tí sàká ń fi òṣùwọ̀n ṣe ni ajíwéré ń fi orúkọ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ti sàká, ti ajíwéré jẹ́ òròòru.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń fi omi ẹkún kọ̀wé. Ajíwéré kì í ṣe wòlíì. Ìjà wà láàárín ẹgbẹ́ kan àti èkejì lórí ẹni tí ó ni òpópónà. Ìdíje wà, wọ́n ń du ife ẹ̀yẹ. Owó ń bọ́ láti ojú fèrèsé pẹ̀lú àkàrà náà, orúkọ ẹni tí owó rẹ̀ bọ́ a sì máa pẹ́ lẹ́nu ju ti Ìyá Ológì lọ. Sandra Barnes, tí ó kọ ìwé lórí ọ̀nà ìṣèlú Mùṣin ní 1986, fi hàn bí ó ti jẹ́ pé ẹni tí ó ní bàbá ìsàlẹ̀ ni ó ń rí ọ̀nà lọ ní ìlú àwọn àjèjì bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, yóò yà mí lẹ́nu bí akọrin kò bá mọ ojú onílé yàtọ̀ sí ojú ayálégbé. Àwọn ààfáà náà ní ẹjọ́ wọn, n kò sì lè sọ pé wọ́n jẹ̀bi. Wọ́n ní òru Ràmàdáánì wà fún ìrun, fún Kùránì kíké àti fún ẹ̀bẹ̀, kò wà fún ìlù. Wọ́n ní ẹ wo àwọn ọmọ wọ̀nyí, ṣé ẹ rí wọn ní mọ́ṣáláṣí? Òótọ́ ni. Olórí tiwa, tí ó ń jí gbogbo òpópónà, oorun a ti gbé e lọ kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn ààfáà ni pé ohun tí wọ́n fi rọ́pò wéré kò ṣe iṣẹ́ tí wéré ń ṣe. Sípíkà orí mọ́ṣáláṣí ń ké sí gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà pé àkókò sààrì tó. Ó ń kéde, kò béèrè. Kò sí ohun tí yàrá kẹsàn-án lè dá a lóhùn.

Kì í ṣe sípíkà nìkan ni ó fa èyí. Ilé pẹ̀lú wà níbẹ̀. Láti 1955 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín gbùngbùn Èkó, tí wọ́n sì ń kó àwọn onílé àti ayálégbé lọ sí Sùúrùlérè, sí ilé tuntun tí ó mọ́ tónítóní, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Peter Marris ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1961. Ohun tí ó rí ni pé àwọn ènìyàn pàdánù ìtòsí àwọn ẹbí wọn, àwọn oníṣòwò sì pàdánù àwọn oníbàárà wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wà nínú àwọn tí wọ́n kó lọ. Títí ó fi kú, kò yé sọ pé ilé Sùúrùlérè dára, pé omi ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n pé òun kò mọ̀ rí kí òun tó débẹ̀ pé ènìyàn lè fúnra rẹ̀ jí fún sààrì. Èmi tí mo gbọ́ ọ lọ́mọdé, mo rò pé ó ń fi agbára rẹ̀ yangàn ni.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ fújì. Barrister, tí a bí ní 1948 tí ó sì kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní 2010, láti inú wéré ni ó ti jáde, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Kollington Àyìnlá. Àwọn méjèèjì ṣe iṣẹ́ sójà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n gbé orin òru náà wá sí ojú ọjọ́, tí ó sì di ti ìgbà gbogbo, ti ìkómọjáde, ti òkú àgbà, ti ìwúyè. Ní Ìbàdàn, láti inú orísun kan náà ni Dáúdà Epo-Àkàrà, tí ó kú ní 2005, ti gbé awúrebe tirẹ̀ jáde. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ẹni tí ó bá fi etí sílẹ̀ yóò gbọ́ wéré nínú fújì títí dòní: ìyìn Ọlọ́run ni Barrister fi ń ṣíde púpọ̀ nínú orin rẹ̀, ohùn rẹ̀ ṣì ń yí bí ti ẹni tí ń ké Kùránì, lílé àti ègbè ṣì ń bá ara wọn lọ bí ẹni rìn ní kọ̀rọ̀. Orúkọ pípè sì wà níbẹ̀ digbí, kódà ó pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti yí padà, mo sì fẹ́ kí a wò ó dáadáa. Rẹ́kọ́ọ̀dù lè gba lílé, ó lè gba ègbè. Kò lè gba ohùn kẹta. Orúkọ tí a pè nínú rẹ́kọ́ọ̀dù kò retí ìdáhùn. Ní òde àríyá, ẹni tí a pè a máa dáhùn, ṣùgbọ́n owó ni ó fi ń dáhùn, ní iwájú orí akọrin. Nínú wéré, a ń pe orúkọ láti mọ̀ bóyá ẹni náà ti jí. Nínú fújì, a ń pè é kí ayé lè mọ̀ pé ó wà. Èkejì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Oríkì Yorùbá ti ń ṣe iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí Ìsìláàmù tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kìkì ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ méjì ni, àti pé nígbà tí a bá ní fújì ni wéré tí ó dàgbà, a ń fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Ọmọ lè ju ìyá lọ ní òkìkí, kí ó má sì mọ iṣẹ́ tí ìyá ń ṣe.

Ìyípadà yìí kò dúró sínú orin. Ẹ wo ìtọrẹ àánú inú oṣù Ràmàdáánì ní Èkó lónìí. Ó pọ̀, mo sì dúpẹ́ pé ó pọ̀. Ẹni tí ebi ń pa kò ní kọ ìrẹsì nítorí ohun tí a kọ sí ara àpò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí a kọ sí i. Orúkọ ẹni tí ó fún ni ni, àti àwòrán rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Mùṣin, orúkọ ẹni tí ń gbà ni a ń pè, bí ẹni pé àlejò pàtàkì ni, oúnjẹ ni ó sì ń wá láìní orúkọ. Bí mo bá jẹ́ Bàbá Aránṣọ, mo mọ èyí tí n bá yàn.

Yábàá ni mo ń gbé báyìí, nínú ọgbà kan tí ó ní géètì àti ọlọ́dẹ. Ní 2020, tí àrùn kòrónà ti mọ́ṣáláṣí pa, tí ìjọba sì ní kí ẹnikẹ́ni má jáde lóru, kò sí ohùn kankan ní gbogbo òru Ràmàdáánì, fóònù mi nìkan ni ó ń dún lábẹ́ ìrọ̀rí. N kò ka ìdákẹ́jẹ́ náà sí nǹkan kan. Ìyá àgbà kan ń dá gbé ilé tí ó kángun sí tèmi. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun. Ó kù díẹ̀ kí ààwẹ̀ parí nígbà tí mo bá a lójú ọ̀nà, tí mo béèrè bí ara ti rí, tí ó sì sọ fún mi, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, pé fóònù òun ti bàjẹ́ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, pé oorun àgbà kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀lé. Púpọ̀ nínú ààwẹ̀ náà ni ó ti gbà láìjẹ sààrì. Ògiri kan ṣoṣo ni ó wà láàárín wa. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní lítíréṣọ̀ alohùn, tí mo mọ ọ̀nà tí ajíwéré ń gbà pe orúkọ, n kò mọ orúkọ ìyá náà. “Màmá” lásán ni mo ń pè é.

Bóyá nítorí rẹ̀ ni mo ṣe mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mi ní 2023, tí mo sì padà sí Mùṣin ní òru kan nínú oṣù Ràmàdáánì, pẹ̀lú ọmọ àbúrò mi kan tí ó mọ ojú àwọn ọmọ ibẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ṣì wà. Ọmọkùnrin márùn-ún ni wọ́n. Sákárà kò sí. Àwọn méjì ń ti bárò tí wọ́n gbé sípíkà oníbátìrì sí, tí ìlù ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, olórí wọn sì di máìkì mú. Ohùn ọmọ náà dára púpọ̀. Bí ó bá ti gbé e sókè, ó ń gbọ̀n ní ìparí gan-an bí ti àwọn àgbà. Wọ́n dúró ní ojú ilé kan, ó wo fóònù rẹ̀, ó pe orúkọ mẹ́rin. Fèrèsé kan ṣí lókè, ẹnì kan na ọwọ́ jáde. Wọ́n kọjá ilé méjì láìdúró, wọ́n dúró ní ẹ̀kẹta.

Nígbà tí wọ́n sinmi láti mu omi, mo bi í pé àwọn orúkọ wo ni ó wà nínú fóònù náà. Ó ní orúkọ àwọn tí wọ́n ti san owó fún oṣù náà ni. Mo bi í pé àwọn tí wọn kò san ńkọ́.

“A máa ń pe àwọn náà, Bàbá,” ó ní. “Ìkẹyìn la máa ń pè wọ́n, bí iná bá kù nínú bátìrì.”

Mo bá wọn rìn títí di ìgbà tí ìrun àsùbáà kù díẹ̀. Iná náà kú kí a tó dé orí òpópónà tó kẹ́yìn. Ọmọ náà fi máìkì sínú bárò, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà kan tí ó ṣí sílẹ̀ gbayawu sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ṣókùnkùn, ó sì fi ohùn rẹ̀ lásán pe ẹnì kan níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Ohùn obìnrin kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé òun ti jí.